Ìdì Aṣọ Pupa Tí Ondrej Kò Tú

Ondrej Hrnčiar kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé òun ti gun òkè Krkavec dé òkè téńté, pé òun ti fọwọ́ mi gbogbo ibi tó yẹ kí òun mì, pé ọ̀nà dára. Irọ́ ni. Kò gun òkè kankan. Ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ òkè ló jókòó sí. Nígbà tí aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ṣubú lójú ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kejì, tí egungun itan rẹ̀ kán, Ondrej tún sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé obìnrin náà ló fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ lọ já èso nínú igbó.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òǹkàwé, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí pé ọkùnrin náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ó sì lè ṣe yín láàánú. Ẹ má ṣe jẹ́ kó tètè ṣe yín láàánú.

Ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ìlú kékeré kan ni, létí odò Váh, ní ilẹ̀ Slovakia. Ní oṣù keje ọdọọdún, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé odò fún ọjọ́ mẹ́fà. Níbi tí ilé olódi àtijọ́ bá ti wà lórí òkè, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gùn ún, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ ibẹ̀ sínú ìwé pélébé tí oníkálukú ń gbé kiri. Ilé olódi méje ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun méjèèje láì rú òfin, wọn á gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára pátákó igi tó wà nílé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ lórí òkè, wọ́n á gba ìwé rẹ̀, gbogbo òǹtẹ̀ tó ti lù á sì di òfo.

Gejza, ẹ̀gbọ́n Ondrej, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun ló sì kọ òfin yẹn. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè pátápátá lára pátákó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ fún Irma ìyàwó rẹ̀. Ikú mú Gejza lọ, àlàfo sì ṣófo síbẹ̀. Irma ti gun mẹ́fà. Krkavec nìkan ló kù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò sì ní ọdún púpọ̀ tí yóò fi máa fòní dónìí fọ̀la dọ́la.

"Àlàfo yẹn ni mo ń gun òkè lọ bá," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀yin ẹ máa lọ wo ògiri."

Lẹ́yìn ikú Gejza, Ondrej, tí orúkọ tirẹ̀ náà ti wà lára pátákó, di asíwájú. Iṣẹ́ asíwájú ò ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá máa gun òkè lọ́la, asíwájú á ti dá nìkan ṣíwájú lónìí. Á mi gbogbo igi ìdìmú, á fi gbogbo ara tẹ gbogbo àtẹ̀gùn. Èyí tí kò bá lágbára, á so aṣọ pupa mọ́ ọn. Níbi tí kò bá sí aṣọ pupa, àgbà á fara ti igi láìwo ẹ̀yìn.

Irma ló ń rán àwọn aṣọ náà. Ilé olódi kọ̀ọ̀kan ní ìdì tirẹ̀, òwú funfun ló fi ń dì wọ́n, á kọ orúkọ òkè sára bébà, á sì ta kókó kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta bíi tirẹ̀. Asíwájú kì í gbé ẹsẹ̀ sí òkè láì kọ́kọ́ tú ìdì náà, kó fi àwọn aṣọ kọ́ ìgbànú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ Gejza nìyẹn.

"Ọkọ mi," Irma sọ fún Ondrej ní àárọ̀ tí wọ́n gbéra. Bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn. "Ìdì méje nìyí. Má fi nu bíà lẹ́nu o."

"Ìyàwó wa, ẹ̀mí yín ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ pọ́n mi lé díẹ̀."

"Ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ láti Krkavec ni n óò pọ́n ọ lé."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́ wọn.

Òkè mẹ́fà lọ bó ṣe yẹ. Àmọ́ orúnkún Ondrej ti ń wú láti òkè kẹta. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin yìí kan náà ló lé ẹnì kan padà sílé lọ́dún tó kọjá nítorí pé ó wọ sálúbàtà wá sórí òkè. Ó pariwo lé e lórí bí ọmọdé. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá sọ pé orúnkún ń dun òun? Ìgbéraga rẹ̀ wúwo ju orúnkún náà lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dá gun kẹ̀kẹ́ ṣíwájú lọ sí Krkavec. Oòrùn mú. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, Cyprián onílé ọtí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ondrej, ó dà bíi pé wọ́n lù ọ́ bọ̀ ni. Jókòó."

"Jẹ́ kí n gòkè ná. Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde."

"Ó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún tí ilé yẹn ti wà lókè. Á dúró dè ọ́ kí o mu ife kan."

Ife kan di mẹ́ta. Halušky gbígbóná, oúnjẹ ìyẹ̀fun àti ànàmọ́ tí wọ́n sè, dé, wọ́n da wàràkàṣì àgùntàn lé e, wọ́n wọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ díndín sórí rẹ̀. Ondrej na ẹsẹ̀ sórí àga. Ó ní tí oòrùn bá rọlẹ̀ díẹ̀ òun á gòkè. Oòrùn rọlẹ̀. Ó gbé orí lé apá lórí tábìlì, oorun gbé e lọ.

Nígbà tó jí, aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù. Wákàtí kan ààbọ̀ ni gígun òkè yẹn ń gbà, aago mẹ́fà sì ni àwọn ẹgbẹ́ máa dé sí etí odò, tí wọ́n á béèrè ìwé.

"O ò jí mi," ó sọ fún Cyprián.

"O ò ní kí n jí ọ. Òǹtẹ̀ lo ń wá, àbí? Ó wà lábẹ́ tábìlì ìtajà mi níbí. Àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé e mọ́ ni mo ń bá lù ú."

"Èmi kì í ṣe arúgbó."

"Rárá o. Ìwọ ni ọ̀dọ́kùnrin tó ń hanrun lórí tábìlì mi láti aago méjì. Gba òǹtẹ̀, jàre. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbí pẹ̀lú mi. Kò sí ẹni tó fi ìbọn sí ọkùnrin yìí lórí. Ohun tí òótọ́ ìbá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mi ò dé òkè, ẹ jẹ́ ká dúró di ọ̀la." Ìdajì ọjọ́ péré ni wọn ìbá fi dúró. Wọn ìbá wẹ̀ lódò, wọn ìbá fi í ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀.

Ó lu òǹtẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ó mú ìwé ẹgbẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Krkavec. Ọ̀nà dára. Kò sí aṣọ pupa." Ó pa ìwé náà dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń to kẹ̀kẹ́ ti ògiri ilé ọtí, Irma dúró létí ọgbà Cyprián, ó ń já èso pupa kéékèèké tó yọ jáde lára ọgbà, ó ń jẹ ẹ́. Ìka rẹ̀ pọ́n. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọge.

"Ọkọ mi, kò sí aṣọ pupa kankan títí dókè?"

"Kò sí, ìyàwó wa. Bí ilẹ̀ pálọ̀ ló rí."

Ó lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Kò sọ ọ́. Ó ní ẹ̀yìn lòun máa wà, kí òun lè máa ti àwọn tó bá ń fà sẹ́yìn. Orúnkún ló ń fi pa mọ́.

Žofia, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ṣáájú. Ó dé òkè, ó lu òǹtẹ̀ tirẹ̀. Irma ló tẹ̀ lé e, ó ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn yòókù ṣì wà ní kọ́nà méjì sẹ́yìn. Nígbà tó dé orí àtẹ̀gùn igi tó kẹ́yìn, tí ẹnubodè ilé olódi wà lójú rẹ̀ gbangba, ó dúró láti mí. Ó wo ara igi ìdìmú. Kò sí aṣọ pupa. Ó fara tì í.

Igi náà lọ.

Ondrej gbọ́ igbe náà níbi tó wà. Ó fi orúnkún rẹ̀ tó wú sáré. Nígbà tó dé ibẹ̀, àwọn ẹlòmíì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Irma nínú kòtò. Ó rí ìdí igi ìdìmú tó kù nílẹ̀. Ó ti jẹrà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ọmọdé tó bá fọwọ́ kàn án á mọ̀. Ondrej wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi bàtà ti ìdí igi náà wọ abẹ́ ewéko.

Àwọn adóòlà orí òkè dé, wọ́n gbé Irma sórí àkéte, wọ́n fún un lóògùn ìrora, ojú rẹ̀ sì pa dé. Olórí wọn béèrè pé, "Báwo ló ṣe ṣubú?"

Gbogbo ojú yí sí asíwájú.

"Ó fi ojú ọ̀nà sílẹ̀," Ondrej sọ. "Èso ló fẹ́ já. Ibi tó ti yọ̀ ló ti di igi mú, ló bá fà á lulẹ̀. Mo mi igi yẹn lánàá. Ó le bí irin."

Wọ́n wo ọwọ́ Irma tó wà lórí àkéte. Ìka rẹ̀ pọ́n fún èso. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan. Apolónia, alága ẹgbẹ́, mí kanlẹ̀, ó fa ìwé òǹtẹ̀ Irma yọ nínú àpò rẹ̀, ó fi í sínú àpò tirẹ̀. Òfin ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Ondrej gbé ọsàn lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ọkọ mi, Apolónia wá síbí. Ó ní mo lọ já èso."

"Bóyá ẹ ò rántí dáadáa ni. Oògùn tí wọ́n fún yín yẹn..."

"Itan mi ló kán. Orí mi kọ́. Mo fara ti igi, igi sì lọ. Sọ fún mi. Ṣé o mì ín?"

Ondrej wo ojú rẹ̀. "Mo mì ín."

"Igi yẹn gan-an?"

"Igi yẹn gan-an, ìyàwó wa."

Irma kọjú sí ògiri. "Ó dáa. Tí o bá mì ín, á jẹ́ pé èmi ni iyè mi ti ń ra. Gbé ọsàn rẹ máa lọ. Mi ò lè jẹ ẹ́."

Ó gbé e, ó sì lọ. Ẹ wo ọkùnrin yìí. Olè tó jí ewúrẹ́ rẹ ṣì fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé o ní ewúrẹ́ rí. Èyí jí orí obìnrin náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Irma fi sùn lórí ibùsùn yẹn, tó ń bi àwọn nọ́ọ̀sì bóyá arúgbó lè ṣe nǹkan kó má rántí.

Ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹjọ, lọ́sàn-án gangan, ní àgbàlá ilé ẹgbẹ́. Èèyàn tó ogójì. Guláš, ọbẹ̀ ẹran wọn, ń hó nínú ìkòkò ńlá. Irma fi ọ̀pá abẹ́ apá méjì wọlé. Fero tó ń ro guláš lọ́wọ́ pè é.

"Irma, kò sí èso pupa nínú ìkòkò yìí o. Má wulẹ̀ bẹ́ sínú rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ondrej náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn mi.

"Ro guláš rẹ, Fero," Irma dáhùn. "Ó ń jóná bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ."

Wọ́n gbé tábìlì síwájú. Žofia ń gba ìwé òǹtẹ̀ lọ́wọ́ oníkálukú láti fi wé èyí tó wà nínú ìwé ńlá ẹgbẹ́. Ondrej fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Žofia ṣí i, ó wò ó. Ó gbé tirẹ̀ tì í, ó tún wò ó.

"Bùrọ̀dá Ondrej, ẹ má bínú. Òǹtẹ̀ Krkavec tiyín yàtọ̀ sí tèmi."

"Yàtọ̀ báwo?"

"Ẹyẹ ìwò kan wà lórí ilé ìṣọ́ nínú tèmi. Kò sí ẹyẹ nínú tiyín."

"Bóyá méjì ni wọ́n ní lókè."

"Ẹyọ kan ni. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé náà sọ fún mi pé oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe ẹlẹ́yẹ yìí, pé ti àtijọ́ ti kúrò lókè. Ó ní Cyprián onílé ọtí ló gbà á."

Fero dáwọ́ ríro dúró.

Apolónia gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. Ó wo ìwé méjèèjì, kò kánjú. "Ondrej, ibo lo ti lu òǹtẹ̀ yìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n rántí ná."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé. Mo mọ bí ẹni tó ń wá irọ́ ṣe máa ń wo bàtà rẹ̀. Gbé ojú sókè."

Kò gbé e. Irma ló gbé ara rẹ̀ dìde, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí òkúta àgbàlá. Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ Ondrej tó fara ti ọgbà.

"Žofia, ọmọ mi, bá mi ṣí àpò iwájú kẹ̀kẹ́ yẹn. Bá mi wo ìdí rẹ̀."

Žofia tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó yọ pọ́ǹpù, ó yọ aṣọ òjò. Lẹ́yìn náà ó yọ ìdì kékeré kan, aṣọ pupa, òwú funfun, bébà tí wọ́n kọ Krkavec sí. Kókó Irma ṣì wà lórí rẹ̀ bó ṣe ta á.

Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti ṣàlàyé fún nínú àgbàlá yẹn. Asíwájú kì í gbé ẹsẹ̀ sí òkè láì tú ìdì.

"O ò tú u," Irma sọ. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. "O ò gòkè rárá. O jókòó sórí orúkọ ọkọ mi, o ń mu bíà."

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n ṣàlàyé..."

"Má pè mí ní ìyàwó wa. Ìyàwó Gejza ni mí, ẹni tó ń so aṣọ pupa. Itan yìí á san, Ondrej, mi ò bá ọ jà nítorí itan. Ẹnikẹ́ni lè sùn sílé ọtí. Àmọ́ mo bi ọ́ lórí ibùsùn, mo wo ojú rẹ, mo ní ṣé o mì ín. O jẹ́ kí n máa rò pé mo ti ń ya wèrè. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún. O gbé ọsàn wá."

"Ẹ forí jì mí."

"Kí ni mo gbọ́? Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn kọ́ lo fi sọ pé mo lọ já èso. Ìta gbangba lo ti bà mí lórúkọ jẹ́, ìta gbangba ni kí o ti tún un ṣe. Gun orí bẹ́ǹṣì yẹn kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí ọ."

Apolónia mú ìwé òǹtẹ̀ Irma jáde láti àpò rẹ̀, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Irma fi í sáyà.

"Krkavec ṣì wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ ara mi ni n óò fi gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹlòmíì ni yóò mi igi fún mi."

Ondrej dojú kọ bẹ́ǹṣì. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó di etí tábìlì mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó fa ìkejì. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i. Ó dúró lókè níbẹ̀, ojú ogójì èèyàn wà lára rẹ̀, guláš sì ti ń jóná. Ohun tó sọ nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́:

"Orúkọ mi ni Ondrej Hrnčiar. Èmi ni asíwájú yín. Orúnkún ń dùn mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Mo sùn nílé ọtí Cyprián, ibẹ̀ ni mo ti lu òǹtẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún yín pé ọ̀nà dára. Mi ò mi igi kankan. Igi yẹn ti jẹrà. Nígbà tí mo rí ìdí rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ ewéko kí ẹ má bàa rí i. Mo purọ́ fún àwọn adóòlà. Mo purọ́ fún Irma lórí ibùsùn àìsàn, ìyẹn ló burú jù. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára pátákó, ẹ má ṣe jẹ́ kó wà nítòsí ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ gbogbo yín. Irma, mo bẹ̀ yín. Ẹ ò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀. Èmi ni mi ò dé ibẹ̀ rárá."